Ọtí Tí Kò Hó

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ẹ̀gbọ́n mi kan, aládùúgbò wa tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, sọ nígbà tí mo bu ọtí pupa kan fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Akóbò ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́. Ó gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó mì í díẹ̀díẹ̀, ó tún wò ó, ó wá ní, “Kò mà hó.” Ohùn tí ó fi sọ ọ́ dà bí ohùn agbẹ̀bí tí ó gba ọmọ tuntun, tí ọmọ náà kò sì ké.

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Èmi ni mo ti kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ilé pé láti Champagne ni ọtí náà ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ni ó wá lo ọdún Kérésìmesì nílé, tí ó sì fi ìgò méjì kí mi. Ó ní wáìnì pupa ni méjèèjì, pé wọn kì í hó, àti pé ènìyàn lè máa mu ṣàǹpéènì títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ láìmọ̀ pé irú wọn wà. Àwa márùn-ún ni a jọ mu ún: èmi, ìyàwó mi, aládùúgbò wa yìí, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà, àti Bàbá Ẹlẹ́mu. N kò tilẹ̀ pe Bàbá Ẹlẹ́mu ní ti gidi. Owó ẹmu ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó wá gbà, mo sì ní kí ó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ Champagne ti dé etí wọn, etí ti mu ọtí náà tán kí ó tó kan ẹnu.

Ibi tí àwa ará Ìbàdàn ti mọ ṣàǹpéènì kì í ṣe orí ahọ́n. Ẹ lọ sí gbọ̀ngàn àríyá èyíkéyìí ní Bódìjà tàbí ní Ring Road ní ọ̀sán Sátidé. Wọn yóò mi ìgò jìgìjìgì, ìdérí yóò fò, ariwo yóò sọ, ìfóòfó yóò ṣàn sí orí aṣọ òfì ẹni tí ó ń jó, àwọn ọmọ tí ó ń gbé ọtí káàkiri yóò sì ti fi iná tí ń ta yẹ̀rìyẹ̀rì há ẹnu ìgò mìíràn. Mo ti jókòó ti irú àwọn tábìlì bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọtí náà dùn tàbí pé kò dùn. Iye tí wọ́n rà á ni wọ́n ń sọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní ọtí wa kò hó, ohun tí ó ń sọ ni pé ohun tí a fi ń dá a mọ̀ kò sí níbẹ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó ti bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn ọtí náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfóòfó. Champagne jẹ́ ẹkùn kan ní apá ìlà-oòrùn ìlú Paris, nǹkan bíi 150 kìlómítà sí i, níbi tí ìlú Reims àti Épernay wà. Ní Reims ni wọ́n ti ń gbé adé lé àwọn ọba Faransé lórí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Charles Kẹwàá ni ó gbẹ̀yìn wọn, ní 1825. Ọtí tí a fi mọ ẹkùn náà látijọ́ kì í hó rárá, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọtí tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ń bá a du ipò ni ọtí pupa Burgundy tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ayé Louis Kẹrìnlá, Fagon tí ó jẹ́ oníṣègùn ọba gba ọba níyànjú pé kí ó pa ọtí Champagne tì, kí ó máa mu ti Burgundy. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà ìwé láàárín àwọn oníṣègùn ẹkùn méjèèjì, olúkúlùkù ń fi ẹ̀rí ara líle gbe ọtí ìlú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìjà náà púpọ̀. Ó rán mi létí àwọn àgbà tí mo gbọ́ ní kékeré tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀, èwo ni ó dára fún ojú, èwo ni ó ń fa inú rírun.

Àbùkù ni ìfóòfó jẹ́ nígbà náà. Òtútù ibẹ̀ a máa mú kí ìwúkàrà inú ọtí sùn kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò jí, ọtí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Dom Pérignon, mọ́ńkì tí ó bójú tó àjàrà àti ọtí ní Hautvillers títí ó fi kú ní 1715, ni àwọn ènìyàn ń sọ pé ó dá ọtí híhó sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí yóò ṣe dá híhó náà dúró ni ó ń wá ní ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀. Àwọn ará ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí èédú ti jẹ́ kí wọ́n lè rọ ìgò tí ó nípọn, ni ó tètè fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1662 ni Christopher Merret ti ka ìwé kan fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọba níbẹ̀, tí ó sọ pé àwọn oníṣòwò ọtí ń da ṣúgà sínú wáìnì kí ó lè ta lẹ́nu kí ó sì máa hó. Ohun tí onílé ń sá fún ni àlejò ń fowó rà, kò sì pẹ́ tí onílé náà fi gbà pé ohun rere ni.

Lónìí, ilẹ̀ tí wọ́n gbin àjàrà sí ní Champagne tó nǹkan bíi 34,000 hẹ́kítà. Ní 2023, ìgò tí wọ́n tà fi díẹ̀ dín sí mílíọ̀nù 300. Ní 2015 ni UNESCO kọ àwọn òkè ibẹ̀, àwọn ilé ọtí rẹ̀ àti àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ohun ìní aráyé. Ọtí tí kò hó náà kò parẹ́. Ó ní orúkọ tirẹ̀ nínú òfin, Coteaux Champenois, láti 1974, àwọn abúlé bíi Bouzy, Ambonnay, Aÿ àti Cumières sì ń ṣe pupa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò rẹ̀ kò tó nǹkan lára ti èkejì. Àjàrà dúdú kan náà, Pinot Noir, ni ó ń bí àwọn méjèèjì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ kíákíá tí a sì gba omi rẹ̀ kúrò lára èèpo, omi náà yóò funfun, yóò di ṣàǹpéènì, yóò sì tà. Bí a bá fi omi sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo fún ọjọ́ mélòó kan, yóò pọ́n. Ṣùgbọ́n àfi kí àjàrà náà gbó dénú, ilẹ̀ òtútù kì í sì í fún ènìyàn ní irú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ta ni yóò mú àjàrà rẹ̀ tí ó dára jù lọ, tí ó ti ní oníbàárà, kí ó fi ṣe ohun tí kò ní orúkọ lọ́jà? Ọ̀pọ̀ nínú pupa tí wọ́n ń ṣe gan-an ni wọ́n ń bù díẹ̀díẹ̀ sínú funfun láti fi ṣe ṣàǹpéènì aláwọ̀ osùn. Ọtí tí ó ti jókòó níwájú ọba rí ti di osùn tí a fi ń kun ara ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ kẹ́míkà ni ó mú ọ̀rọ̀ náà padà sí Akóbò. Ó ní afẹ́fẹ́ kan náà, kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì, ni ó ń hó nínú ṣàǹpéènì tí ó sì ń hó nínú ẹmu, ìwúkàrà ni ó sì ń bí i nínú méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn ni pé àwọn ará Champagne há afẹ́fẹ́ tiwọn mọ́. Wọ́n fi ṣúgà àti ìwúkàrà sínú ìgò, wọ́n dé e pa, títí agbára tí ó wà nínú ìgò yóò fi ju ti táyà mọ́tò lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ pé wáyà ni wọ́n fi ń so ìdérí rẹ̀. Ẹmu kò mọ irú ìtìmọ́lé yìí. Láti orí ọ̀pẹ, nínú agbè, ni ìwúkàrà ti bá a, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í sí i. Nígbà tí adẹ́mu bá fi máa sọ igbà sílẹ̀, ó ti ń hó. Yóò hó ní àárọ̀, yóò le sí i ní ọ̀sán, bí ó bá sì di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kíkan yóò gbà á. Gbogbo ayé rẹ̀ kò gùn ju ìyẹn lọ. Nítorí náà ni àwa Yorùbá ṣe fi ìfóòfó ṣe ẹ̀rí: ẹmu tí ó ń hó ni ẹmu tí ó ṣì wà láàyè. A kò ṣìṣe. Ìlú tí ó jẹ́ pé orí igi ni ọtí rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní láti wo ojú rẹ̀ kí ó tó mu ún.

Bàbá Ẹlẹ́mu kò sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín. “Dókítà,” ni ó wí, “ìfóòfó kì í purọ́ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún mọ̀ ọ́n?” Ó wá ṣàlàyé ohun tí gbogbo wa ń fura sí tí a kì í fẹ́ gbọ́: pé bí ènìyàn bá bu omi lu ẹmu, tí ó fi ṣúgà tàbí ṣákárìnì sí i, tí ó sì gbé e sí oòrùn díẹ̀, yóò hó ju ojúlówó lọ. Ó ní hóhòhó rẹ̀ yóò tóbi, yóò ga, yóò sì kú kíá. Ti ojúlówó kéré, ó sún mọ́ra, ó sì ń pẹ́ lójú igbá. Ọ̀rẹ́ mi ní bí àwọn tí ó mọ ṣàǹpéènì tọ́ wò ti ń sọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Bàbá kò bìkítà fún ìyẹn. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí a óò bẹ̀rẹ̀ sí í mu ohun tí ó wà nínú ife.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe tọ́jú ìgò wọ̀nyí, nítorí pé ó ṣe pàtàkì sí ìdájọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní wọn kò gbọdọ̀ gbóná, wọn kò sì gbọdọ̀ tutù bí omi yìnyín. Iná mànàmáná ti lọ láti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, fíríjì sì ti di àpótí. Ìyàwó mi ni ó rántí àmù àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìnkùlé. A pọn omi sí i, a ri ìgò méjèèjì sínú rẹ̀ lábẹ́ ibòji láti àárọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, àmù ń làágùn, ìgò sì tutù níwọ̀n. N kò rò pé ẹ̀rọ kankan lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Bouzy, 2018, ni a kọ́kọ́ ṣí. Àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó dà bí omi ìṣápá tí a rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Bí o bá fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn ife, wàá rí ìka rẹ. Ẹni tí ó ti fi ojú dá ọtí pupa ilẹ̀ Sípéènì tàbí ti Gúúsù Áfíríkà mọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa yóò rò pé wọ́n bu omi lù ú. Òórùn rẹ̀ kò wá pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. O ní láti tẹrí ba. Nígbà tí mo tẹrí ba, mo gbóòórùn èso tí ó pọ́n, lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbóòórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kọ́kọ́ kàn án. Lẹ́nu, kíkan ni ó kọ́kọ́ dé, kíkan tí ó mọ́, bíi ti zóbò tí a kò fi ṣúgà sí. Adùn kan sì tẹ̀ lé e tí kì í ṣe adùn ṣúgà, nítorí pé kò sí ṣúgà níbẹ̀. Irú adùn tí ó máa ń kù lẹ́nu lẹ́yìn agbálùmọ̀ ni. Ní ìgbẹ̀yìn, ó fún etí ahọ́n díẹ̀, bí kajú ti ń ṣe, ó sì tú u sílẹ̀. Mo gbé e mì, mo sì ka oríkì orílẹ̀ mi nínú ọkàn mi dé ìdajì kí ó tó kúrò lẹ́nu.

Ọtí rere ni. N kò ní pè é ní ọtí ńlá. Kò ní ìjìnlẹ̀ tí ó lè mú ènìyàn dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò ní aṣọ. Nígbà tí ìfóòfó bá ń ta ní ahọ́n, kíkan tí ó pọ̀ jù á fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀, àìní adùn á fara pa mọ́, ènìyàn á sì rò pé ìdùnnú ni. Èyí dúró ní ìhòòhò, kò sì tijú. Ìyàwó mi gbé ẹran ewúrẹ́ alátá wá. Ata náà pa òórùn ọtí yìí pátápátá, mo sì bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkàrà dé, àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Kíkan ọtí náà gé epo àkàrà, iyọ̀ àkàrà sì gbé adùn ọtí jáde. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ní kò hó bu ife kejì láìbéèrè.

Ìgò kejì ni ó fa ọ̀rọ̀ tí mo fi ń kọ àròkọ yìí. Abúlé mìíràn ni ó ti wá, àwọ̀ rẹ̀ sì tún fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń rùn bí ewé tútù tí a fi ọwọ́ ra. Kíkan rẹ̀ dá wà; kò sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pè é nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́mu gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. “Èyí ìṣáájú, oòrùn rí i,” ni ó wí. “Èyí, òjò ni ó mu ún kí àwa tó mu ún.” Mo bi í léèrè ohun tí ó túmọ̀ sí. Ó wò mí bí ẹni tí ó ń wo ọmọdé. Ó ní ṣé n kò mọ ẹmu ìgbà òjò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn ni, pé bí òjò bá ti pọ̀, igi ń mu omi ju bí ó ti yẹ lọ, ẹmu rẹ̀ á pọ̀, kò ní í dùn, á sì tètè kan. Pé igi ni igi ń jẹ́, ì báà jẹ́ ti òyìnbó.

Bàbá kò mọ̀wé. Mo gbé ìgò náà, mo wo ọdún tí ó wà lára rẹ̀: 2021. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìròyìn àjàrà yóò rántí pé ọdún burúkú ni 2021 ní Champagne. Òtútù bomi dídì pa ọ̀mùnú ní oṣù kẹrin, òjò sì rọ̀ títí nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn tí àrùn fi ba ọ̀pọ̀ èso jẹ́. Ọdún oòrùn àti ọ̀pọ̀ èso ni 2018. Ọkùnrin tí kò tíì fojú kan èso àjàrà lórí igi rí ti fi ahọ́n ka ohun tí mo ní láti wá gíláàsì ojú mi kí n tó lè kà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí àwọn àlejò mi ti lè mọ̀ lọ. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nínú ẹ̀kọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀, pé èdè Yorùbá lọ́rọ̀ lórí bí ọtí ti ń ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n pé ó tòṣì lórí bí ọtí ti rí lẹ́nu. Mo máa ń ka àpẹẹrẹ lé wọn lórí: ó ń pani, ó ń gunni, ó yó, ó mu àmuyíràá. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n pé, “Kí ni ó kù? Dídùn, kíkan, kíkorò. Ó parí.” Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti apá Òkè Ògùn kọ ojú ewé mẹ́ta láti ta kò mí. Ìyá rẹ̀ àgbà ń pọn ọtí ọkà bàbà. Ó kọ bí ìyá náà ti ń fi ahọ́n mọ ọkà tí wọ́n sá sí oòrùn dáadáa àti èyí tí ọ̀rinrin mú, bí ó ti ń sọ pé ọtí kan jọ orógbó lẹ́yìn ẹnu, pé òmíràn jọ obì. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé àfiwé ni ìwọ̀nyí, pé wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo fún un ní máàkì tí kò dára.

Àfiwé! Bí ẹni pé àwọn tí ó ń tọ́ ọtí wò ní Paris ń lo nǹkan mìíràn. Èso ṣẹ́rì, ewé tábà, awọ ẹran, ilẹ̀ tútù: ohun tí ó wà ní àyíká wọn ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ó wà lẹ́nu wọn. Èmi náà, nígbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Bouzy lókè yìí, ìṣápá, agbálùmọ̀, kajú àti òjò àkọ́rọ̀ ni mo ké sí. Gbogbo wọn ni ọmọ náà ti fi hàn mí, tí mo sì fi gègé pupa fa ìlà sí i lábẹ́.

Mo padà sí ìwé tí mo rò pé mo mọ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ ẹmu, èyí tí Amos Tutuola tẹ̀ jáde ní 1952. Ohun tí gbogbo wa máa ń rántí nínú rẹ̀ ni iye: 560,000 ọ̀pẹ nínú oko, agbè 150 ní àárọ̀, 75 ní alẹ́. Mo ti fi iye wọ̀nyí pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò kíyè sí ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí adẹ́mu ọ̀mùtí náà jábọ́ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, oko kò kú. Ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ọwọ́ mìíràn sì wà tí ó lè dá ẹmu. Ọ̀mùtí náà wá adẹ́mu mìíràn, kò rí ẹni tí ẹmu rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nítorí náà ni ó ṣe gbéra lọ sí ìlú àwọn òkú. Ènìyàn tí ìwọ̀n àti iye nìkan bá jẹ lógún kò ní rin ìrìn náà. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mọ ọwọ́ kan yàtọ̀ sí ọwọ́ mìíràn ni yóò rìn ín. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó di eré ìlù, ijó àti àwọ̀ tí a kò lè gbàgbé, orúkọ ẹmu sì tún ga sí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu ní àwọn yunifásítì wa ṣì ń fi agbè jó títí di òní.

Ẹmu ti gba gbogbo orin náà, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bouzy ti kàn wá. Ẹkùn tí a fi ohun kan mọ̀ kì í rántí ìyókù ohun tí ó ní. A ní ọtí bàbà, tí ó pupa rẹ́súrẹ́sú nítorí ọkà bàbà tí a fi ń pọn ọ́. A ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a ń fi àgbàdo ṣe, a ní agadagídí tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù ṣe. Ìfóòfó wọn kò tó ti ẹmu, ariwo wọn kò sì pọ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ ju ẹmu lọ: ẹnikẹ́ni kì í gun igi kí ó bá ọtí bàbà níbẹ̀. A óò rẹ ọkà, a óò jẹ́ kí ó hù, a óò sá a, a óò lọ̀ ọ́, a óò sè é, a óò sì dúró. Ó tún yẹ kí a rántí pé èèwọ̀ ni ẹmu fún Ọbàtálá àti àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ohun tí ìtàn sọ pé ó ṣe é ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó dá ayé. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ilé Yorùbá ni ẹmu jẹ́ olórí ọtí fún. Ní ilẹ̀ Kúbà, àwọn ọmọ Lùkùmí ṣì ń pọn ohun mímu kan tí wọ́n ń pè ní chequeté fún àwọn òrìṣà wọn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa ni, orúkọ rẹ̀ ti sọdá òkun, kò sì sọnù. Ní Akóbò, mo bi ilé méje léèrè níbi tí mo ti lè rí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rà. Ilé márùn-ún rẹ́rìn-ín, ilé kan ní ṣé fún oògùn ni, ilé keje ní kí n lọ sí ìdí àwọn àgbàṣe tí ó wá láti apá Bẹ́núé, pé bùrùkùtù ni wọ́n ń mu, bóyá wọn yóò mọ̀. Mo lọ. Ọtí ọkà ni bùrùkùtù náà, ó pọ́n, ó nípọn, ó jọ ẹ̀kọ kíkan lẹ́nu, òórùn èéfín sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wù mí ju ọtí 2021 lọ.

N kò mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà wà nísinsìnyí. Mo ti yọ gbólóhùn náà kúrò nínú ẹ̀kọ́ mi, mo sì ti fi ìbéèrè kan sí ipò rẹ̀: kí olúkúlùkù lọ bá ẹni tí ó ń pọntí tàbí tí ó ń dá ẹmu, kí ó sì kọ ohun tí ẹni náà sọ sílẹ̀ láìṣe àtúnṣe.

Kí Bàbá Ẹlẹ́mu tó lọ ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìgò Bouzy sínú ife rẹ̀, ó mu ún, ó ní ibẹ̀ ni ọtí náà wà. Ó tọrọ ìgò òfìfo pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, nítorí pé ó nípọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé e padà wá, ó rọ ẹmu kún un, ó sì fi ọwọ́ agbára dé e pa kí ó má baà dànù lórí ọ̀kadà. Láti Ọlọ́rundá dé ilé mi, oòrùn ń pa á, ọ̀nà sì ń mì í. Bí mo ti fi ọwọ́ kan ìdérí náà ni ó fò lu àjà, ìfóòfó sì bo tábìlì, ó bo ìwé ìdánwò tí mo ń ṣàmì sí, ó bo bàtà ẹ̀gbọ́n mi tí ó wá kí wa.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó ń nu bàtà rẹ̀, “ṣàǹpéènì rèé.”

A dúró títí ó fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a bu ohun tí ó kù, a sì tọ́ ọ wò. Ó ti ń kan díẹ̀.